Omi mọ́tò kì í dédé gbẹ: ẹ wá ibi tó ń gbà lọ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú tì lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tiwọn ò lè tán láyé, ṣùgbọ́n owó tó wà lápò èmi àti ẹ̀yin lè tán, pàápàá téèyàn bá ní mọ́tò tó ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ omi mọ́tò ni mo fẹ́ẹ́ bá yín sọ. Kẹ́ni tí ò ní mọ́tò má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí bẹ́ ẹ bá wọ dáńfó tí dírẹ́bà ẹ̀ ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi sábẹ́ ìjókòó, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ yẹn.

Mọ́tò tèmi kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ṣe é ní Jàpáànù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń pè é ní Bàbá Àgbà. Kì í yọ mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀, àfìgbà tó di ìparí ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ògógóró. Tí mo bá rọ omi kún un láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́rú, omi náà á ti fi bíi lítà kan lọ sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀ tí mo páàkì ẹ̀ sí, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ibo lomi ń lọ?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un ṣe. Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Ó kàn nawọ́ síwájú ẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, rédíétọ̀ yín ti lọ.” Mo ní báwo ló ṣe mọ̀, ó ní iṣẹ́ òun ni. Mo sanwó rédíétọ̀ tòkunbọ̀, owó tó tó ra àpò ìrẹsì kan, mo tún sanwó iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, omi lọ sílẹ̀. Mo padà lọ, ó ní ìdérí rédíétọ̀ ni. A pààrọ̀ ìdérí, omi ò ṣíwọ́ lílọ. Ó wá ní tẹmositáàtì ló ń fa gbogbo ẹ̀, ó yọ ọ́ jù síbi kan, kò sì fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Mo tún sanwó. Bí èmi akọ̀wé ṣe di apọnmi nìyẹn: kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún ò kúrò nínú búùtù mi mọ́.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan tí mo fẹ́ẹ́ gbé Màámi lọ síbi ìsìnkú kan n'Íjẹ̀bú-Òde. A kọjá Bẹ́gà, a kọjá Ìbàfò, ìgbà tá a máa dé Mọ̀wé, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ mú wa. Oòrùn ń pani, mọ́tò ò rìn. Nígbà tí mo máa wo gééjì, ọwọ́ ẹ̀ ti wọ pupa. Kí n tó ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èéfín funfun ti bo gíláàsì iwájú. Mo paná ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà sáré wá, ó ti fi àkísà wé ọwọ́, ó fẹ́ẹ́ bá mi ṣí ìdérí rédíétọ̀. Màámi lọgun látinú mọ́tò pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ẹ́ fojú ẹ se ọbẹ̀ ni?” Ọmọ náà fò sẹ́yìn. Ẹ gbọ́, Màámi ò mọ mọ́tò ọ́n wà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ yẹn gba ojú ọmọ náà là.

Ìdí nìyí. Omi lásán ń hó tó bá ti gbóná dé ìwọ̀n 100 Celsius. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán, ó ní sípírínǹ nínú tó ń dè é mọ́lẹ̀. Bí agbára ìdérí náà bá jẹ́ 15 psi, omi inú mọ́tò lè gbóná dé nǹkan bíi 120 kó tó hó. Ó wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbóná ju omi tó ń hó lọ, kò sì hó. Ọjọ́ téèyàn bá ṣí ìdérí lójijì, ìdè já nìyẹn. Omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á fò jáde, ojú àti àyà ẹni tó ṣí i ló máa bà lé. Torí náà, ẹ dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, títí ẹ ó fi lè di rọ́bà rédíétọ̀ mú tí ò ní í jó yín lọ́wọ́. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná, irin tó gbóná tí omi tútù kàn lójijì lè sán.

Màámi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ fún wákàtí méjì pẹ̀lú gèlè àti aṣọ ẹbí, tí tírélà ń fẹ́ eruku lù wọ́n. Wọn ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. A ò dé Ìjẹ̀bú mọ́. Nígbà tí mọ́tò tutù, mo rọ omi kún un, a rọra rá pálá padà sÉèkó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì mi ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, ó ní tọ́ọ̀pù-gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, àfi ká ṣí ẹ́ńjìnnì. Owó tó pè tó ìlọ́po mẹ́ta owó rédíétọ̀. Owó kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni owó ilé-ìwé ọmọ mi. Mo sì ti ń gbèrò àtikó o fún un o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi tún mọ́tò ṣe kí wọ́n tó jókòó sílé. Wọ́n bá Peugeot 504 láyé ọjọ́un, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975, wọ́n sì bá Ìjàpá Volkswagen náà. Wọ́n máa ń ní àwọn tó wa Ìjàpá ò mọ ìyà omi, nítorí Ìjàpá ò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tutù. Mo lọ kí wọn, mo ro ẹjọ́ mi.

“Ta ló ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni?”

“Mẹkáníìkì mi ni, Bàbá.”

“Kí ló fi wò ó?”

Mo dákẹ́. Kò fi nǹkan kan wò ó.

“Ṣó o rí i, ìwọ ọmọ yìí? Ẹni tí ò yẹ aláìsàn wò tó ti ń fún un lóògùn, ṣé dókítà nìyẹn? Gbé mọ́tò ẹ wá lọ́la tó bá ti sun mọ́jú. Má tanná sí i ju kó o gbé e débí lọ.”

Bàbá ní ọ̀nà mẹ́ta lomi lè gbà kúrò nínú mọ́tò. Ó lè jò síta kéèyàn rí i nílẹ̀. Ó lè jò kó sì gbẹ tàbí kó fara pamọ́ kéèyàn tó rí i. Ó sì lè wọnú ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ̀kẹta yìí ló lówó lórí jù, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí n lè fọkàn balẹ̀.

Wọ́n fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ. Bí omi bá ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì náà á rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Tèmi dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, wọ́n ṣí ìdérí rédíétọ̀, wọ́n ní kí n tanná sí i. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jó, èéfín inú ẹ́ńjìnnì á máa gba inú omi jáde, omi á máa yọ ìfófòó gùlùgùlù láì dáwọ́ dúró. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn, wọ́n wo saláńsà. Bó bá ń yọ èéfín funfun kíkankíkan, tó ń rùn bí nǹkan dídùn, tí kò sì ṣíwọ́ lẹ́yìn tí mọ́tò ti gbóná, omi ló ń jó níbẹ̀. Tèmi ò yọ ọ́. Wọ́n ní oògùn kan tiẹ̀ wà, aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n máa ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀. Bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá kàn án, á yí padà di yẹ́lò. “Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́,” ni Bàbá wí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ogún ìṣẹ́jú lèyí gbà, owó ilé-ìwé ọmọ mi sì dúró sápò.

Ó wá ku ìta. Àwọn ibi tí wọ́n wò, tẹ́yin náà lè fi tọ́ọ̀ṣì wò nígbà tí mọ́tò bá tutù, nìyí.

Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò mọ́jú. Ibi tó bá tutù lórí páálí ló máa sọ apá ibi tẹ́ ẹ ti máa wá a. Ṣùgbọ́n ẹ má fi omi ẹ́ṣíì pè é o. Omi ẹ́ṣíì mọ́ lóló, kò ní àwọ̀, kò lóòórùn, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lo ẹ́ṣíì ló ń kán.

Ẹ tẹ àwọn rọ́bà họ́ọ̀sì lọ́wọ́. Èyí tó bá rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tó wú nítòsí kílíìpù, tàbí tó ti sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àsìkò ẹ̀ ti tó.

Ẹ wo ìdí wọ́tà-pọ́ǹpù. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sí i. Bí omi bá ń gba ibẹ̀ sun, rọ́bà inú pọ́ǹpù ti jẹ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó dá yín sí títì.

Ẹ wo ara rédíétọ̀, pàápàá ojú ibi tí ike òkè àti ike ìsàlẹ̀ ti pàdé irin. Rédíétọ̀ ayé àtijọ́ tó jẹ́ bàbà àti idẹ, wọ́n lè fi òjé jó o kó dí. Àwọn tòde òní tó jẹ́ alumíníọ̀mù pẹ̀lú ike, bí ike ẹ̀ bá ti sán, ká pààrọ̀ ẹ̀ ló dáa jù.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì fún àwọn irin róbótó tó dà bí owó ẹyọ tí wọ́n fi dí ihò. Ìpatà ló máa ń lu wọ́n, àwa tá à ń rọ omi kànga lásán sí mọ́tò lọ́dọọdún la sì ń fọwọ́ ara wa fún ìpatà lóúnjẹ.

Níkẹyìn, ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú. Bó bá tutù, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tí gíláàsì sì ń ṣú lójú yín, inú mọ́tò lomi ń jò sí.

Gbogbo èyí tá a wò, a ò rí nǹkan kan. Ni Bàbá bá wọlé lọ, wọ́n gbé pọ́ǹpù àfọwọ́fà kan jáde látinú àpótí, gééjì wà lórí ẹ̀. Wọ́n fi rọ́pò ìdérí rédíétọ̀, wọ́n ń fa á títí gééjì fi dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí, wọn ò jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òwò tí omi bá ń ṣe nígbà tó bá gbóná tó sì ń tì, òun náà ló máa ṣe báyìí láì gbóná. A dúró. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ọwọ́ gééjì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. A dákẹ́, a ń gbọ́ “ṣíìì” lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tójú ò tó. Bàbá fi dígí kékeré bọ ibẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n ní, “Wá wo olè ẹ.”

Rọ́bà hítà ni. Ẹ ṣáà mọ hítà? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yáná nínú mọ́tò nílùú òtútù. Omi gbígbóná látinú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń fi rọ́bà méjì darí gba inú ògiri irin wọnú mọ́tò, kí ara àwọn èèyàn ibẹ̀ lè móoru. Ta ló ń tan hítà n'Ékòó? Kò sẹ́ni tó rántí pé ó wà. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò bíi tèmi, ẹ tàn án o, ẹ ò tàn án o, omi ń dé inú rọ́bà náà. Èyí tó ń jò ò gùn ju ọwọ́ èèyàn lọ, ó ti gbẹ, ó sán lábẹ́ kílíìpù. Bí mọ́tò bá gbóná ló ń tu omi díẹ̀díẹ̀ sórí irin tí èéfín ń gbà lọ sínú saláńsà, irin náà ń gbẹ omi ọ̀hún lójú ẹsẹ̀. Ìdí tílẹ̀ fi gbẹ nìyẹn. Ẹfun funfun tí omi fi sílẹ̀ wà lára irin náà kedere. Gbogbo rédíétọ̀ tí mo rà, gbogbo ìdérí tí mo pààrọ̀, òfo ni.

Bá a ṣe tún un ṣe ò le. Mọ́tò tutù, a tú omi ẹ̀ sínú bàsíà. Bàbá ò fi agbára fa rọ́bà yọ, nítorí ẹnu irin hítà fẹ́lẹ́, ó lè tẹ̀. Bíléèdì ni wọ́n fi la rọ́bà náà gbọọrọ. Wọ́n fi sáńpépà nu ẹnu irin, wọ́n ki rọ́bà tuntun bọ̀ ọ́. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń fa epo, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Kílíìpù tuntun ni wọ́n fi mú un, wọ́n de é le díẹ̀, wọn ò de é títí táá fi gé rọ́bà. Wọ́n pààrọ̀ ìkejì náà, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.

Wọ́n ní kí n wá tẹmositáàtì mi padà. Ó ti sọ nù, mo ra tuntun. Wọ́n ní ẹni tó bá yọ ọ́ dà nù ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì pẹ́ kó tó móoru bó ṣe yẹ, epo lonítọ̀hún sì ń sun. Wọ́n wá rọ kúláàǹtì àti omi tó mọ́ sí i, ìdajì sí ìdajì. Ẹ má sọ pé kò sí òtútù lọ́dọ̀ wa, kí la fẹ́ẹ́ fi kúláàǹtì ṣe. Kì í ṣe torí yìnyín nìkan ni wọ́n ṣe ń lò ó, ó ń lé ìpatà, kì í sì í tètè hó bí omi lásán. Wọ́n yí bọ́tìnnì hítà sí gbígbóná, wọ́n ṣí ìdérí sílẹ̀, wọ́n tanná sí mọ́tò, wọ́n ń tẹ rọ́bà òkè kí atẹ́gùn inú ẹ̀ lè jáde. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń bù kún un. Nígbà tí kò yọ ìfófòó mọ́ ni wọ́n dé e. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti tutù, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kí n tó sinmi. Àwọn kan máa ń da ẹyin tàbí ata gígún sínú rédíétọ̀ kó lè dí ihò. Ó lè dí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ihò tó ń jò yàtọ̀ sí ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà, gbogbo ẹ̀ ló máa dí pọ̀. Bí ọ̀nà bá jìn tí kò sí ìrànlọ́wọ́, oògùn adíhò tí wọ́n ń tà lè gbé yín délé, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe. Kúláàǹtì náà, májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu. Ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò mínírà, ẹ má sì dà á sílẹ̀ níbi tọ́mọdé tàbí ajá ti lè dé ibẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é dáadáa. Kí wọ́n gbé irin òkè ẹ́ńjìnnì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa wò ó bóyá ó ti tẹ̀, kí wọ́n fá a kó dọ́gba. Ẹni tó bá kàn fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sórí irin tó tẹ̀, ẹ óò tún padà wá láìpẹ́.

N kì í bú mẹkáníìkì o. Bàbá náà, mẹkáníìkì ni wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé bẹ́nikẹ́ni bá ní nǹkan báyìí ló bà jẹ́ lára mọ́tò yín, ẹ fọ̀wọ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí Bàbá bi mí: kí ló fi wò ó? Ẹni tó mọṣẹ́ á fi hàn yín. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á bínú. Rọ́bà méjèèjì àti kílíìpù tá a rà, owó wọn ò tó ìdá mẹ́wàá owó rédíétọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ṣòfò.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, kẹ́ẹ̀gì ti kúrò nínú búùtù mi. Ọmọ wà nílé-ìwé. Màámi sì ti tún bá mi wọ mọ́tò lọ sÍjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n wọn ò gbà mí gbọ́ tán, wọn ò ní í gbé ẹsẹ̀ wọlé títí wọ́n á fi bi mí pé, “Ṣó o ti womi?”

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣẹ́ ẹ ti womi? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.